Bọ́ọ̀lù, Okùn àti Tanjaríìnì

Ogún ìṣẹ́jú ni ilé-ìwé máa ń fún àlejò. Bí olórí ilé-ìwé bá ní ọgbọ̀n ni, má gbẹ́kẹ̀ lé e: àdúrà, orin tí wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀ àti àlàyé nípa ẹni tí àlejò jẹ́ á ti jẹ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú rẹ ti sáré títí nígbà ìsinmi, òógùn ṣì wà lọ́rùn wọn, ọkàn ẹlòmíràn sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó mú bírò rẹ̀. Inú ogún ìṣẹ́jú yìí ni wọ́n ní kí o ti sọ̀rọ̀ òfurufú àti àwọn tó ń rìnrìn-àjò lọ síbẹ̀, kó yé ọmọ ọdún mẹ́jọ, kó má sì sú ọmọ ọdún méjìlá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Mo ní ọ̀gá tí mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, bí ẹlòmíràn ṣe ń kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Oṣù Kẹwàá ni ọjà wa máa ń tà jù. Ní 1999 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ kẹwàá oṣù náà sọ́tọ̀ fún Ọ̀sẹ̀ Òfurufú Àgbáyé. Ọjọ́ kẹrin ni àwọn ará Soviet fi Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí ènìyàn ṣe, ránṣẹ́ sókè ní 1957. Ọjọ́ kẹwàá sì ni àdéhùn àgbáyé lórí lílo òfurufú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967. Àsìkò náà dára fún wa, nítorí àwọn ọmọ ti wọlé láti Oṣù Kẹsàn-án, ìdánwò ò sì tíì dé. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ òfurufú kì í ṣe àjèjì pátápátá. Láti 1998 ni ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìmọ̀ òfurufú ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àlejò tó fẹ́ bá ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì kì í wọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe kò dùn mọ́ mi. Wọ́n á to orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ sójú pátákó, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ máa wí tẹ̀lé wọn. "Mercury!" "Mercury!" Gbogbo kíláàsì á figbe ta, àlejò á rò pé ẹ̀kọ́ ló ń dùn mọ́ wọn. Ọmọdé a máa fẹ́ràn ariwo, ì báà jẹ́ orúkọ pílánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ ìsọdipúpọ̀. Bí àlejò bá ti jáde, Mercury náà ti bá a lọ.

Ọ̀gá mi kọ́ni ní físíìsì ní ilé-ìwé girama títí ó fi fẹ̀yìn tì. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Àpò Ghana-must-go kan ló máa ń gbé kiri. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá wà níbẹ̀, okùn ìsáṣọ tó gùn, tanjaríìnì, pẹ́ńsù, ike omi tó ní ihò nídìí, páálí kékeré kan, bàlúùnù àti ṣọ́ọ̀kì. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. "Iná lè má sí," ló wí nígbà tí mo béèrè. "Bí iná bá sì wà, fèrèsé kíláàsì wọn ò ní kọ́tìnnì, oòrùn á pa àwòrán rẹ rẹ́. Ìwọ náà á wá máa wá ibi tí wáyà máa wọ̀ títí wọ́n á fi lu agogo."

Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé àpò, kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, kí n máa wo ojú àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Bí a bá ti jáde ní géètì, kí a tó rí ọ̀kadà, ló ti ń bi mí: ta ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ kúrò lára mi? Kí ni mo ń sọ lọ́wọ́ nígbà náà? Ẹ̀yìn kíláàsì ni a ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń já. Bí olùsọ̀rọ̀ bá kọ ẹ̀yìn sí wọn láti kọ nǹkan sójú pátákó, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ti lọ nìyẹn. Bí ó bá pe nọ́ńbà ńlá tí ọmọ ò rí ohun tó lè dì mú nínú rẹ̀, wọ́n á lọ. Bí ọmọ kan tó mọ̀wé bá sì dìde dúró tó ń dáhùn títí, àwọn yòókù á gbà pé tirẹ̀ ni ọjọ́ náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ara wọn nípàá lábẹ́ tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe ti òṣùpá, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ náà dáadáa.

Màmá á mú bọ́ọ̀lù jáde láìsọ ohunkóhun. Kíláàsì tí bọ́ọ̀lù bá wọ̀, ariwo rẹ̀ a máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti fi bírò ya Áfíríkà sí i lára. "Ayé nìyí. Ẹ bá mi wá Nàìjíríà." Ọmọ kan á wá a rí. Lẹ́yìn náà ni tanjaríìnì á jáde. Bí ayé bá tó bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, fífẹ̀ òṣùpá á jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà; tanjaríìnì kékeré bá a mu, kò sì wọ́n lọ́jà ní Oṣù Kẹwàá.

"Òṣùpá nìyí. Mo di ayé mú síbí. Ta ló máa gbé òṣùpá lọ síbi tó yẹ kó dúró? Ẹni tó bá súnmọ́ ọn jù ló ni òṣùpá."

Kò sí ọmọ tí kì í gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn.

Ẹni àkọ́kọ́ á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àlàfo tó fi sílẹ̀ kò ní tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹni kejì á sún un sẹ́yìn dé ibi tí apá rẹ̀ gùn mọ. Ẹni kẹta, tó ti ń ṣọ́ ojú Màmá, á rìn dé bẹ́ǹṣì iwájú. Màmá kò ní rẹ́rìn-ín, kò sì ní bojú jẹ́. Á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, á tún béèrè pé, "Ta ló kù?" Ojú tí kò sọ ohunkóhun yìí pẹ́ kí n tó kọ́ ọ. Ọmọ iléèwé wa mọ ojú olùkọ́ kà ju bó ṣe mọ ìwé kà lọ. Mi orí díẹ̀ báyìí, gbogbo kíláàsì á wọ́ lọ síbi tí orí rẹ mì sí, kò sì sẹ́ni tó máa dá ronú mọ́.

Nígbà tí orúkọ bá ti pọ̀ nílẹ̀, okùn á jáde. Ọmọ méjì á máa wé e mọ́ bọ́ọ̀lù níbi tó fẹ̀ jù, gbogbo kíláàsì á máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n á kà á dé mẹ́sàn-án, á lé díẹ̀, kò ní pé mẹ́wàá. Màmá á ta kókó síbẹ̀. Wọ́n á tú okùn náà, ọmọ kan á di orí rẹ̀ kan mú mọ́ bọ́ọ̀lù, ẹni tó gbé tanjaríìnì á máa fa orí kejì lọ. Á kọjá orúkọ àkọ́kọ́. Á kọjá gbogbo orúkọ. Á kọjá bẹ́ǹṣì iwájú àti ti àárín. Ó lé ní mítà mẹ́fà àti ààbọ̀. Bí Màmá bá mọ igun tó dúró sí, tó sì máa ń mọ̀ ọ́n, ẹnu ọ̀nà ni okùn á gbà jáde, ọmọ tó gbé òṣùpá á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo kíláàsì á sì máa na ọrùn láti rí i.

Ìgbà yẹn ni nọ́ńbà tó lè wọlé. Láti ẹ̀gbẹ́ kan ayé sí ìkejì jẹ́ kìlómítà 12,742. Òṣùpá jìnnà sí wa ní nǹkan bíi kìlómítà 384,400. Ayé ọgbọ̀n la lè tò sáàárín wọn. Ọmọ tó ti wé okùn mọ ohun tí nọ́ńbà yìí ń sọ. Ìwé ló kọ́ wọn ní ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé òṣùpá sí, àwọn tó ṣe ìwé náà ò sì lè ṣe é lọ́nà mìíràn: bí ayàwòrán bá ya ayé ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ló gbọ́dọ̀ sún òṣùpá sí, ojú ìwé kan kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀.

Bí ìṣẹ́jú bá kù, pẹ́ńsù á jáde. "Ilé kan wà lókè tí àwọn ènìyàn ti ń gbé láti Oṣù Kọkànlá 2000, tí kò tíì ṣófo lọ́jọ́ kan. Níbo ló wà láàárín ayé àti òṣùpá?" Wọ́n á sáré lọ sí ìdajì okùn. Màmá á dúró kí gbogbo wọn tó yan ibi tó wù wọ́n, lẹ́yìn náà á tẹ́ pẹ́ńsù náà lé bọ́ọ̀lù lórí. Bí pẹ́ńsù yẹn ṣe nípọn mọ ni ilé náà, International Space Station, ṣe ga mọ: nǹkan bíi kìlómítà 400, kò tó ọ̀nà tí mọ́tò ń rìn láti Èkó dé Abuja. Àwọn kan á máa pariwo pé irọ́ ni. Àwọn mìíràn á tún yíjú wo òṣùpá lọ́hùn-ún lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wá béèrè nípa àwọn ènìyàn 12 tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láàárín 1969 sí 1972, bí wọ́n ṣe lọ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì padà.

Ọmọ kan á sì béèrè oòrùn dandan. Ìdáhùn yìí gba ìmúrasílẹ̀. Tí ayé bá tó bọ́ọ̀lù, oòrùn á jìnnà ju kìlómítà méjì àti ààbọ̀ lọ, á sì fẹ̀ tó mítà 24. Nítorí náà, kí a tó dé ilé-ìwé kankan, iṣẹ́ mi ni kí n wá ọ̀kadà tí mítà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tí kò rọrùn, kí n gùn ún láti ẹnu géètì, kí n wo ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ níbi tó bọ́ sí: ilé epo níbí, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lọ́hùn-ún, ẹnu ọjà níbòmíràn. Bí o bá sọ pé oòrùn wà lẹ́nu ọjà, ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ lọ́jọọjọ́ á mọ bó ṣe jìnnà tó.

Nígbà tó tó àkókò kí èmi náà sọ̀rọ̀, mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ wá fún Màmá. Gagarin, ènìyàn àkọ́kọ́ tó dé òfurufú, wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ kejìlá Oṣù Kẹrin 1961 àti ìṣẹ́jú 108 tó fi yí ayé ká. Voyager 1 wà níbẹ̀, ọkọ̀ òfurufú tó kúrò nílé ní 1977 tó sì ń lọ títí di òní. Màmá kà á dé ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè.

"Kí lo fẹ́ kí ọmọ yìí lọ sọ fún ìyá rẹ̀ nírọ̀lẹ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdáhùn. Ó dá mi dúró. "Ìyá rẹ̀ ń ro àmàlà lọ́wọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa fetí sí."

Mo yọ Gagarin kúrò. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ gbé wọ kíláàsì, mo sì gbà pé òun ni òpó iṣẹ́ yìí. "Ìyá mi, òṣùpá jìnnà débi pé ẹnu ọ̀nà kíláàsì la bá a." Ọmọ lè gbé ìyẹn délé. Pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ pẹ̀lú òṣùpá wọn àti ìwọ̀n wọn, kò lè gbé e dé géètì. Àwọn kan ti sọ fún wa pé ogún ìṣẹ́jú fún òṣùpá nìkan jẹ́ ìfiṣòfò. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sẹ́yìn.

Fún àwọn ọmọ girama, ike omi la ń lò. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé kí ló dé tí àwọn tó wà nínú ilé òkè yẹn fi ń léfòó. Wọ́n á dáhùn pé kò sí òòfà ilẹ̀ níbẹ̀; ọ̀pọ̀ olùkọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí ìyẹn la ṣe ń fi pẹ́ńsù bẹ̀rẹ̀. Ibi tó súnmọ́ ilẹ̀ tó báyìí, báwo ni òòfà ṣe máa tán níbẹ̀? Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára tó fi ń fà wá nílẹ̀ ṣì wà lókè yẹn.

Ìṣó gbígbóná la fi ń lu ihò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ike, kó tó kí omi máa tú jáde dáadáa, kó má sì tóbi débi tí ike á gbẹ kí o tó parí ọ̀rọ̀. Ìta la ń lọ, nítorí omi lórí sìmẹ́ńtì kíláàsì lè yọ ọmọ ṣubú. O rọ omi kún un, o ṣí ìdérí sílẹ̀, o fi ìka dí ihò, o gun àga. O yọ ìka, omi á tú. O tún dí i. Nígbà náà lo máa béèrè: bí mo bá fi ike yìí sílẹ̀ kó já bọ́, kí ni omi tó ń tú yìí máa ṣe? Ṣé á yára sí i, ṣé á máa tú bó ṣe ń tú, àbí á dúró? Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ dìbò. Ọmọ kan ni á ka ọwọ́, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ìwọ. Ẹni tó ti nawọ́ sókè níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní yíjú síbòmíràn mọ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun járe.

Bí o bá fi í sílẹ̀, fi í sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, kó má yí lójú ọ̀nà. Omi á dúró. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ìdajì wọn ò ní rí i, nítorí ojú wọn wà lára rẹ. "Ẹ tún un ṣe!" Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó rí i á bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tí kò rí i jà. Tún un ṣe títí ẹnì kan á fi dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ike ń já bọ́ sí láti wò ó dáadáa. Ìgbà yẹn ni kí o tó ṣàlàyé, kí àlàyé náà sì kúrú: ike ń já bọ́, omi inú rẹ̀ ń já bọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kò sí èyí tó ń ti èkejì. Bákan náà ni ilé òkè yẹn àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń já bọ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sáré lọ síwájú ní nǹkan bíi kìlómítà 28,000 láàárín wákàtí kan, débi pé bí wọ́n ṣe ń já bọ́, ayé náà ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ wọn. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń yí i po. Aṣọ tó lè tutù ni kí o wọ̀ lọ.

Ìbéèrè àwọn ọmọ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní ṣàìwáyé, ọmọ tó máa béèrè rẹ̀ á sì ti máa rẹ́rìn-ín kó tó lanu. Dá a lóhùn láìtijú: afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fà ló ń gbé e lọ, ìtọ̀ wọn ni wọ́n sì ń sọ di omi mímọ́ tí wọ́n tún ń mu. "Yéè!" Màmá máa ń fi ìdáhùn yìí sí ìkẹyìn pátápátá, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó lè wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó le ni, "Ṣé wọ́n bá Ọlọ́run níbẹ̀?" Ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ kìrìsìtẹ́ẹ́nì ló jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan náà, àwọn olùkọ́ wọn náà ti gbétí sílẹ̀, ojú ẹlòmíràn ti ń le. Màmá kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Á sọ pé ní Oṣù Kejìlá 1968, àwọn mẹ́ta tó wà nínú Apollo 8, àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ tó yí òṣùpá po, ka ìbẹ̀rẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì sétí àwọn ará ayé lálẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Á sọ pé ní Oṣù Kẹwàá 2007, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, Sheikh Muszaphar Shukor, dókítà ọmọ Malaysia, lọ sí ilé òkè yẹn, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ìlú rẹ̀ sì ti ṣe ìlànà fún un nípa bó ṣe máa kírun àti ibi tó máa kọjú sí. "Oòrùn ń yọ lójú wọn ní ìgbà mẹ́rìndínlógún láàárín ọjọ́ kan. Ẹ lọ bi àáfà yín àti pásítọ̀ yín bí àwọn ì bá ti ṣe é." Ìbéèrè náà á bá wọn délé, olórí ilé-ìwé ò sì ní pè wá sí ọ́fíìsì.

"Ṣé ọmọ Nàìjíríà kankan ti lọ rí?" Ní báyìí, ìdáhùn wà: ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Oṣù Kẹfà 2025 ni Owolabi Salis, agbẹjọ́rò, wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì Blue Origin ní Amẹ́ríkà, ó kọjá kìlómítà 100 sókè, ó sì wálẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Màmá á jẹ́ kí wọ́n pa á tán, á sì tún mú bọ́ọ̀lù, á fi hàn wọ́n pé ibi tó dé kò tó ìdá mẹ́ta pẹ́ńsù. Mo rò pé èyí lè bu omi sí ìdùnnú wọn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ọmọ tó ti fi okùn wọn ọ̀nà òṣùpá yẹ lẹ́ni tí à ń sọ òótọ́ fún.

Páálí inú àpò wà fún irú ìbéèrè yìí náà. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni ní ìbú, ní òró àti ní gíga, nǹkan bí NigeriaEduSat-1 ṣe tóbi mọ, sátẹ́láìtì tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí, tí wọ́n kọ́ ní Japan tí wọ́n sì tú sílẹ̀ láti ilé òkè yẹn ní Oṣù Keje 2017. Wọ́n á máa gbé páálí náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Èmi fẹ́ràn ti 1963 ju páálí lọ. Ọjọ́ kẹtàlélógún Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, àti Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ohùn wọn gba orí sátẹ́láìtì Syncom 2 kọjá, Balewa sì wà nínú ọkọ̀ ojú omi Kingsport tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Sátẹ́láìtì náà ga tó nǹkan bíi kìlómítà 36,000, débi pé ohùn kì í dé lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń ní kí ọmọ méjì ṣe é: wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra, ẹni tó bá máa dáhùn gbọ́dọ̀ sọ "ení" nínú ọkàn rẹ̀ kó tó lanu. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa sọ̀rọ̀ lu ara wọn, tí gbogbo kíláàsì á sì máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe sùúrù.

Lórí ọ̀rọ̀ bàlúùnù, èmi àti Màmá ò tíì fẹnu kò. A ń fi òwú gba inú straw, a na òwú náà láti ògiri dé ògiri, a fi sẹ́lótéèpù lẹ bàlúùnù mọ́ straw. Bí atẹ́gùn bá ṣe ń tú sẹ́yìn ni bàlúùnù á máa sáré síwájú, bí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó dára. Ṣùgbọ́n bàlúùnù kan á bẹ́, ọmọ kíláàsì kìíní á bú sẹ́kún, gbogbo wọn á sì fẹ́ tiwọn, ìṣẹ́jú mẹ́jọ á ti lọ. Mo ní ká máa fi sílẹ̀ fún ilé-ìwé tó bá fún wa ní wákàtí kan. Màmá ní kò sí ilé-ìwé tó máa fún wa ní wákàtí kan, àti pé ọmọ tó bá fẹ́ bàlúùnù tó sì fi í sílẹ̀ ti ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí a fi yọ Gagarin nígbà náà. Ó ní Gagarin kì í bẹ́.

Ìpetumodù la ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo yọ àwọn bàlúùnù náà kúrò nínú àpò lánàá. Nígbà tí mo dé ilé Màmá láàárọ̀ yìí láti wá gbé e, wọ́n ti tún wà níbẹ̀, wọ́n sì pọ̀ sí i.